Ẹ Jẹ́ Ká Máa Ka Ìwé Yorùbá Sétí Ara Wa

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ kú iṣẹ́ ìwé o. Mo mọ̀ pé ìkíni yìí lè má dùn létí ẹlòmíràn, pàápàá ní àkókò ìdánwò tí ìwé ti di ọ̀tá wa. Ṣùgbọ́n ìwé tí à ń kà ká lè yege ọ̀tọ̀, ìwé tí à ń kà nítorí pé ó dùn ọ̀tọ̀. Irú ìwé kejì yìí ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti mọ adùn rẹ̀ rí kó tó wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ẹni tó bá ti dùbúlẹ̀ sórí ẹní rí pẹ̀lú ìwé ìtàn lọ́wọ́, tí ìyá rẹ̀ pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí kò gbọ́, yóò mọ ohun tí mò ń wí. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé láàárín gbogbo wa tí à ń sọ Yorùbá nínú yàrá, nílé oúnjẹ àti nínú ìpàdé, agbára káká la fi ń rí ẹni tó ka odindi ìwé ìtàn Yorùbá kan tán láti ìgbà tó ti débí?

Mi ò gbà pé ọ̀lẹ ni wá. Bí a bá wò ó dáadáa, irú akẹ́kọ̀ọ́ méjì ló pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ wa ní Òkè Ọya níbí. Àwọn kan wá láti ilé: Ìbàdàn, Ìjẹ̀bú, Òǹdó, Èkìtì, Ọ̀ṣun. Àwọn wọ̀nyí ka ìwé Yorùbá nílé ẹ̀kọ́ girama, ṣùgbọ́n ìdánwò ni wọ́n kà á fún. Kí ìtàn tó wọ̀ wọ́n lára ni olùkọ́ ti ní kí wọ́n wá àfiwé, àwítúnwí àti ìfohunpènìyàn jáde nínú rẹ̀. N kò bá olùkọ́ jà, iṣẹ́ tí ìjọba gbé lé e lọ́wọ́ ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá ní kó ka iye egungun tó wà lára ẹja kó tó jẹ ẹ́, ẹja náà á ti tutù kó tó kàn án lẹ́nu. Irú wọn parí ìdánwò, wọ́n sọ ìwé Yorùbá sí abẹ́ ibùsùn, wọn ò sì padà wò ó mọ́.

Àwọn kejì ni àwọn tí a bí sí Kánò, Kàdúná, Jọ́ọ̀sì, Sàríyà tàbí Mínà. Yorùbá ni wọ́n ń sọ nílé, Haúsá ni wọ́n ń sọ ládùúgbò, èdè Haúsá náà sì ni wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn nílé ìwé. Àwọn ọmọ wọ̀nyí lè pa òwe, wọ́n lè fi Yorùbá bú ènìyàn kó wọ̀ ọ́ dé eegun, ṣùgbọ́n bí a bá ṣí ojú ewé kan síwájú wọn, ṣe ni wọ́n á máa táràrà bí ẹni tó ń wá ilẹ̀kùn nínú òkùnkùn. Ojú á tì wọ́n, wọn á ní àwọn ò fẹ́ràn ìwé kíkà. Ọ̀rọ̀ tiwọn ló ká mi lára jù. Ẹni tí kò lè ka ìwé Yorùbá lónìí kò ní lè kà á fún ọmọ tó bá bí lọ́la, bẹ́ẹ̀ ọmọ ọ̀hún, ibi tí yóò ti máa gbọ́ èdè náà lójoojúmọ́ lè máà pọ̀ tó tiwa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó ń mú kí ó rẹ̀ wá. Ẹni tó ti ń ka Gẹ̀ẹ́sì láti kékeré kì í ka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan mọ́. Ojú rẹ̀ ti mọ ìrísí ọ̀rọ̀, bí a ṣe ń dá ọ̀rẹ́ wa mọ̀ láti òkèèrè ká tó rí imú rẹ̀. Ti Yorùbá kò rí bẹ́ẹ̀ fún wa. Etí la fi mọ ọ̀rọ̀ Yorùbá, ojú wa kò tíì bá a pàdé tó. Nítorí náà, bí a bá ṣí ìwé, à ń tò ó ní lẹ́tà, à ń tò ó ní sílébù, nígbà tí a ó bá fi dé òpin gbólóhùn, a ti gbàgbé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ojú ewé méjì péré, oorun ti dé. Ẹlòmíràn á ní Yorùbá le. Yorùbá kò le rárá, ojú ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀nà tí etí ti ń rìn láti ọjọ́ tí a ti bí wa.

Ọ̀rọ̀ ohùn wá tún wà ńbẹ̀. Ẹ wo ọkọ tó fẹ́ ìyàwó, ọkọ́ tí a fi ń roko, ọkọ̀ tí a ń wọ̀ lọ sílé, àti ọ̀kọ̀ tí jagunjagun ń sọ. Lẹ́tà kan náà ni gbogbo wọn, àmì ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ wá wo irú gbólóhùn tí à ń fi ránṣẹ́ síra wa lórí fóònù láìsí àmì: “Bola gbagbe oko re si oko.” Kí ni Bọ́lá gbàgbé? Ọkọ́ ni àbí ọkọ? Ẹni tó bá ń fi ojú nìkan kà á gbọ́dọ̀ dúró rò ó. Ẹni tó bá pè é jáde lẹ́nu, tó ti gbọ́ ohun tí wọ́n sọ ṣáájú rẹ̀, etí rẹ̀ á yan èyí tó tọ́ kí ọpọlọ tó dá sí i. Àwọn ìwé àtijọ́ kan kò sì fi bẹ́ẹ̀ fi àmì sí ọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àkọtọ́ wọn yàtọ̀: “aiye” ni wọ́n ń kọ dípò ayé, “enia” dípò ènìyàn, “nwọn” dípò wọ́n, “yio” dípò yóò. Ọdún 1974 ni ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tí à ń lò báyìí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá rí “nwọn” nínú ìwé àtijọ́ lè rò pé èdè mìíràn ni, ṣùgbọ́n bó bá ti lè pè é sókè lẹ́ẹ̀kan, ọ̀rọ̀ tó ń sọ lójoojúmọ́ ló máa gbọ́.

Ohun tí mo ń bọ̀ wá sọ nìyí: ẹ̀rọ̀ ni kíkà sókè jẹ́ fún òǹkàwé Yorùbá. Ẹ má rò pé nǹkan ọmọdé ni. Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́ wa pé àgbàlagbà kì í gbé ohùn sókè bó bá ń kàwé. Àwọn tó kọ ìwé wa ní ìbẹ̀rẹ̀ mọ̀ pé etí ló máa gba ìtàn àwọn. Ẹ wo bí D. O. Fágúnwà ṣe gbé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ kalẹ̀, ìwé tó jáde ní ọdún 1938. Ọdẹ kan tó ń jẹ́ Àkàrà-ògùn ló wá bá akọ̀wé, ó ní kó máa kọ ìtàn ayé òun sílẹ̀ bí òun ti ń sọ ọ́. Nígbà tó yá, àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í péjọ láti gbọ́. Olùgbọ́ ti wà nínú ìwé náà fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá dá nìkan jókòó, tó pa ẹnu mọ́, tó ń fi ojú tọ gbólóhùn gígùn bẹ́ẹ̀, ó ti yọ ìdajì adùn kúrò nínú rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Kí Fágúnwà tó dé ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní Èkó. Ní ọdún 1929, lẹ́tà kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó. Obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Ṣẹ̀gilọlá, Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, ló ń kọ ọ́. Ó ní òun ti fi ẹwà òun jayé nígbà èwe, òun ti kó oríṣiríṣi ọkùnrin jọ, àìsàn àti àbámọ̀ ló wá kù fún òun. Lẹ́tà yìí ń jáde tẹ̀lé ara wọn títí wọ ọdún 1930, ọ̀pọ̀ òǹkàwé ló sì gbà pé ènìyàn gidi ni obìnrin náà. Àwọn kan kọ̀wé sí ìwé ìròyìn nípa rẹ̀, wọ́n bá a kẹ́dùn. I. B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn náà fúnra rẹ̀, ló ń kọ gbogbo rẹ̀, ó sì kó o jọ di ìwé ní ọdún 1930. Ẹ fojú inú wò ó: ìtàn kan náà lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, gbogbo wọn jọ ń dúró de èyí tó kàn. Ohun tí à ń ṣe lónìí nígbà tí fíìmù alápá púpọ̀ bá ń jáde nìyẹn, ìwé Yorùbá ti ṣe é ṣáájú.

Kí ló wá bá a? Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-oòrùn ní oṣù Kìíní ọdún 1955 ló bí ọ̀pọ̀ òǹkàwé. Nígbà tí àwọn ọmọ wọ̀nyí dàgbà, ìwé Yorùbá ń jáde léraléra. Ní ọdún 1969 nìkan, Ọmọ Olókùn Ẹṣin ti Adébáyọ̀ Fálétí jáde, Àjà Ló Lẹrù ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí sì jáde. Ẹfúnṣetán Aníwúrà ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá tẹ̀lé e ní 1970, Ó Le Kú ní 1974. Nígbà tó di ọdún 1986 tí ìjọba gbé ètò SAP dé, owó náírà já wálẹ̀, bébà àti yíǹkì tí a ń rà láti òkè òkun gbówó lórí. Àwọn òǹtẹ̀wé wá gbájú mọ́ ìwé tí ilé ẹ̀kọ́ bá ní kí ọmọ rà, nítorí òun ló dájú pé yóò tà. Bí ìwé Yorùbá ṣe di ẹrù ìdánwò nìyẹn. Títí di òní, ìwé tó bá jáde kúrò nínú ìlànà ẹ̀kọ́ lè di àwátì kí ọdún mélòó kan tó kọjá. Ní àwọn ìlú tí a wà yìí, ẹ̀yin náà mọ̀ pé a lè yí gbogbo ọjà po ká má rí ẹyọ kan.

Nítorí náà, àìtó ìwé tún jẹ́ ìdí mìíràn tó fi yẹ ká máa kà á papọ̀. Ìwé kan ṣoṣo tó ènìyàn mẹ́jọ bí ẹni kan bá ń kà á tí àwọn yòókù ń gbọ́. Èyí ni bí mo ṣe rò pé ó lè rí nínú yàrá wa. Kí ó má ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, kí ó sì jẹ́ alẹ́ ọjọ́ tí kò sí iṣẹ́ kánjúkánjú. Ẹni kan ka ojú ewé méjì, ó gbé e fún ẹnìkejì rẹ̀. Kí ẹ dúró níbi tó ti dùn jù, ẹ má parí orí náà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó kàn á wá lọ́la láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Iná ò gbọdọ̀ jẹ́ ìdíwọ́: bí wọ́n bá mú un lọ, fóònù ní tọ́ọ̀ṣì. Ẹni tí kò bá lè wá, ẹ gba ohùn sílẹ̀ lórí fóònù kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp.

Nípa ti àwọn tí kò tíì kà Yorùbá rí, ẹ gbọ́ o. Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín. Bí ọmọ Kánò bá pe ọ̀kọ̀ ní ọkọ̀, ẹ jẹ́ kó kà á dé ìparí gbólóhùn. Etí rẹ̀ fúnra rẹ̀ á sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ò lọ bẹ́ẹ̀, á padà sẹ́yìn tún un pè. Ẹni tí a bá ń já lẹ́nu gbà ní gbogbo ìgbà, kò ní padà wá. Ẹ̀gbọ́n tó bá mọ̀ ọ́n kà lè jókòó tì í, kó máa fi ìka tọ ìlà fún un. Ẹ má sì ní kí ẹnikẹ́ni fi ẹnu Ọ̀yọ́ kà á tipátipá. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ọmọ Ìgbómìnà, ọmọ Kàbà, kí olúkúlùkù kà á bí ìyá rẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀. Èmi ò tíì gbọ́ ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín tó kí ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá Ìbàdàn máa ti ẹnu ọmọ Ìjẹ̀ṣà jáde.

Ìwé wo la ó wá fi bẹ̀rẹ̀? Àwọn àgbà á ní Fágúnwà ni. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, n kò fara mọ́ ọn. Ìwé ìtàn àròsọ márùn-ún tí Fágúnwà kọ, láti orí ti 1938 dé Àdììtú Olódùmarè ní 1961, dà bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n dáadáa, ṣùgbọ́n ẹnu tí kò tíì le lè hàn sí orí gbólóhùn rẹ̀. Àkójọ orúkọ, àsọdùn, òwe lórí òwe, gbogbo rẹ̀ ń fẹ́ èémí gígùn. Ẹ fi í ṣe ìwé kẹta tàbí ìkẹrin, nígbà tí ojú ti mọ ọ̀nà. Nígbà náà, ẹ ó gbádùn rẹ̀ débi tí ẹ ó máa jà sí ẹni tí yóò kà á. Òkè Ọya níbí náà ni ọkùnrin yìí ṣaláìsí sí: ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 1963 ni omi gbé e lọ nítòsí Bídà. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń gba ọ̀nà yẹn kọjá lọ sílé, ẹ rántí rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ èmi ni, Òkédìjí ni máa kọ́kọ́ gbé sílẹ̀. Àjà Ló Lẹrù àti Àgbàlágbà Akàn tó tẹ̀lé e ní 1971 jẹ́ ìtàn ọ̀daràn àti ẹni tó ń lé wọn. Lápàdé, ọlọ́pàá àtijọ́ tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba mọ́, ni ó ń tọ ipasẹ̀ olè, òun àti Tàfá Ìgírípá. Ohun tó mú kí ó dára fún kíkà sókè ni pé ọ̀rọ̀ sísọ ló pọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn ènìyàn náà ń tahùn síra wọn, wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pa òwe ní àárín ewu. Ẹ lè pín in: kí ẹni kan jẹ́ Lápàdé, kí ẹlòmíràn jẹ́ Tàfá.

Fún àwa ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, Ó Le Kú kò nílò ìpolówó. Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa, ń wá ìyàwó, ọ̀rọ̀ Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé sì di rannto mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ti wo fíìmù tí Túndé Kèlání ṣe nínú rẹ̀ ní ọdún 1997, wọ́n á ní kò sí ohun tuntun níbẹ̀ mọ́. Irọ́ ni. Fíìmù fi aṣọ àti ẹwà hàn wá. Ìwé ló jẹ́ ká gbọ́ ohun tí Àjàní ń bá ara rẹ̀ sọ nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ kà á níbi tí ọkùnrin àti obìnrin bá jọ wà, kí ẹ wá wo bí àríyànjiyàn yóò ṣe gba yàrá kan. Ìṣọ̀lá kan náà ló kọ Ogún Ọmọdé, tó jáde ní 1990, nípa ìgbà èwe àti eré ọmọdé ní abúlé. Òun ni mo yàn fún àwọn tí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń kà.

Ọmọ Olókùn Ẹṣin gba sùúrù díẹ̀, ó sì tó bẹ́ẹ̀. Ìtàn àwọn tí wọ́n wà lábẹ́ ìlú mìíràn tí wọ́n sì fẹ́ gba ara wọn sílẹ̀ ni. Ẹnu ẹni kan ṣoṣo kọ́ la ti ń gbọ́ ọ, nítorí náà ẹ lè gbé olùsọtàn kọ̀ọ̀kan fún òǹkàwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Eré oníṣe náà wà: Ẹfúnṣetán, Ìyálóde Ìbàdàn, àti Rẹ́rẹ́ Rún tí Òkédìjí kọ ní 1973 nípa àwọn òṣìṣẹ́ àti Láwúwo olórí wọn. Ẹni tó bá ti ṣe ìjọba akẹ́kọ̀ọ́ rí, kó ka Rẹ́rẹ́ Rún kó tó tún du ipò.

Bí a bá ti kà á tán ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká yé sọ fún ara wa pé ìwé kan “dára.” Ọ̀rọ̀ yẹn kì í mú ẹnikẹ́ni ṣí ìwé. Ẹ sọ ibi tó dùn mọ́ yín: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ka orí kẹta, ibi tí wọ́n ti ká a mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.” Ẹni tó gbọ́ bẹ́ẹ̀ á fẹ́ mọ ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibẹ̀. Mo tún dábàá pé kí akọ̀wé ẹgbẹ́ ní ìwé kékeré kan tí a ó máa kọ orúkọ ẹni tí ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí, pẹ̀lú ìlà kan ṣoṣo tí òǹkàwé bá fẹ́ sọ nípa rẹ̀. Yíyá ìwé láìkọ sílẹ̀ ti ba ọ̀rẹ́ jẹ́ ju yíyá owó lọ. Bí ẹ bá sì rí ìwé tó ṣì wà lórí àtẹ, ẹ jọ̀wọ́ ẹ rà á, ẹ má gbé odindi rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì. Òǹtẹ̀wé tí kò rí ẹni ra ìwé ìtàn kò ní tẹ òmíràn.

Ìsinmi ti ń súnmọ́. Ẹni tó bá ń lọ sílé, kó wo inú àpótí bàbá àti ìyá rẹ̀ kó tó náwó. Ọ̀pọ̀ ìwé tí mo dárúkọ yìí wà níbẹ̀ pẹ̀lú èruku. Ẹni tó bá máa rà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ògbólógbòó ìwé létí títì, kó ṣí ẹ̀yìn ìwé náà wò kó tó sanwó, kó rí i pé ojú ewé tó kẹ́yìn pé. Ní pàtàkì ìwé Òkédìjí. Bí a bá bá Lápàdé lé olè fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú yàrá, tí a wá dé ibi tí wọ́n ti ya ìwé, ẹni tó rà á ni gbogbo wa máa bá ṣẹjọ́.